Iná Tó Ṣeé Rẹ̀ Sílẹ̀

Ẹni tó bá dàgbà nílé tí wọ́n ti ń tan àtùpà onígíláàsì mọ̀ pé iná ilé ní ìgbà tí wọ́n ń fà á sókè, ó sì ní ìgbà tí wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Irin róbótó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Bọ́mọ bá ń kàwé, wọ́n á fa òwú rẹ̀ sókè. Bí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán tí àlọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí kẹrosíìnì má baà tètè tán. Bí gbogbo ilé bá fẹ́ sùn, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ku bíńtín, wọ́n á gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ jáde lọ tọ̀ lóru má baà fẹsẹ̀ kọ. Nígbà tí iná mànàmáná dé, oore tó ṣe wá pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó béèrè irin róbótó yẹn mọ́. Iná wá di méjì péré: kó tàn gbòò tàbí kó kú.

Ọ̀rọ̀ gílóòbù tó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀ ló wà lẹ́nu mi lónìí, àwọn LED tí kì í jẹ iná púpọ̀, tí èèyàn sì lè yí ìmọ́lẹ̀ wọn sókè sódò bó ṣe wù ú. Wọ́n ti wà nígboro Ògbómọ̀ṣọ́ dáadáa báyìí, láti Tákíè títí dé ẹ̀yìn yunifásítì LAUTECH, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń tan oríṣiríṣi àwọ̀ sí yàrá wọn lálẹ́. Ohun tí àwọn tó ń tà wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé wọ́n á dín owó iná kù. Mi ò ní bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ torí ìyẹn nìkan lẹ fi fẹ́ rà á, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ibòmíràn ni èrè rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Gílóòbù àtijọ́, oníwáyà tó ń pọ́n yòò nínú gíláàsì, ooru ló ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó bá jẹ dà. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí àádọ́rùn-ún ló ń bá ooru lọ. Ẹni tó bá ti gbàgbé fọwọ́ kan oníwáàtì 60 rí ò nílò ẹlẹ́rìí. Ìmọ́lẹ̀ tó sì ń ti inú wáàtì 60 yẹn jáde, ìyẹn nǹkan bíi 800 lumen (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀), LED oníwáàtì 8 tàbí 9 ń mú un jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ká ní ilé kan tan gílóòbù mẹ́fà fún wákàtí márùn-ún lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́, wọ́n á jẹ yúníìtì 54 lóṣù kan. Tó bá jẹ́ LED oníwáàtì 9, yúníìtì 8 àti díẹ̀ ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n fowó kún iná àwọn ará Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, yúníìtì kan fò láti bíi ₦68 sí ₦225, kí wọ́n tó dín in kù, ó sì wà ní nǹkan bíi ₦209 lọ́dún yẹn kan náà. Tá a bá fi ₦209 yẹn ṣírò, ilé oníwáàtì 60 á san lé ní ₦11,000 lóṣù lórí gílóòbù nìkan. Ilé LED á san bíi ₦1,700. Ìyàtọ̀ ọ̀hún ò kéré.

Ó wá yá, ẹ wá rẹ gbogbo LED mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ dé ìdajì látàárọ̀ oṣù dópin oṣù. Bíi ₦800 lẹ máa rí. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ò tilẹ̀ sí ní Band A. Owó tí wọ́n ń san lórí yúníìtì kan kéré, iná tí wọ́n ń rí náà sì kéré. Nítorí náà, pípààrọ̀ gílóòbù àtijọ́ ló ń gba owó sílẹ̀. Èyí tó kù, ìyẹn rírẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, èérún ni. Àyàfi tẹ́ ẹ bá ń gbé nílé tí yàrá kọjú síra wọn, tí mítà jẹ́ ẹyọ kan fún gbogbo ayálégbé. Níbẹ̀, gílóòbù oníwáàtì 60 kan ti tó dá ìjà sílẹ̀, nítorí ẹni tó ń lo LED ń bá ẹni tí kò lò ó san owó ooru. Mo ti gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ojoojúmọ́ tí bíìlì bá dé ni wọ́n ń yọjú wo àjà ara wọn.

Ìgbà tí iná bá lọ ni èrè rẹ̀ máa ń fojú hàn. Ọ̀pọ̀ ilé tó ní ínfátà ládùúgbò wa, bátìrì kan ṣoṣo ló ní, oní 12 volt àti 200Ah, ìyẹn bó ṣe tóbi tó. Lórí ìwé, wáàtì 2,400 fún wákàtí kan ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bátìrì oníásíìdì, kò yẹ kéèyàn fà á ju ìdajì lọ bó bá fẹ́ kó pẹ́, ínfátà fúnra rẹ̀ á sì tún jẹ tiẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó kù lẹ máa fi dọ́gbọ́n títí ilẹ̀ á fi mọ́. LED mẹ́fà oníwáàtì 9, wáàtì 54 nìyẹn. Fáànù onídùúró kan náà, bíi wáàtì 55. Ìyẹn ni pé gbogbo iná inú ilé pọ̀, fáànù kan ṣoṣo ló bá dọ́gba. Bẹ́ ẹ bá rẹ àwọn iná náà sílẹ̀ dé ìdajì, wákàtí méjì sí mẹ́ta ló lè fi kún iye àkókò tí fáànù á fi máa yí kí bátìrì tó ní òun ò ṣe mọ́. Lóṣù kẹta, tí ooru Ògbómọ̀ṣọ́ ò jẹ́ kí ẹni kẹ́ni sùn, wákàtí méjì atẹ́gùn láàárín òru ju ₦800 lọ lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ti jí ní aago mẹ́ta òru nítorí pé fáànù dúró á mọ ohun tí mò ń wí.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ kó rọrùn láti rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: ojú wa kì í ka ìmọ́lẹ̀ bí mítà ṣe ń kà á. Bí wọ́n bá dín iná kù di ìdá mẹ́rin, ojú á sọ pé ìdajì ló kù. Bí wọ́n bá dín in kù di ìdá mẹ́wàá, ojú á ṣì máa rí i bíi pé ó tó ìdá mẹ́ta. Nítorí náà, a lè jókòó sí pálọ̀, ká jẹ àmàlà, ká gbọ́ ìròyìn lórí rédíò, ká sì bá ara wa jà lórí ọ̀rọ̀ ìdílé, lábẹ́ iná tí kò tó ìdá mẹ́rin ohun tí gílóòbù náà lè ṣe, kó má sì sí ẹni tó máa sọ pé ilẹ̀ ṣú. Bó bá jẹ́ pé ńṣe la rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni o. Tá a bá rẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, Bàbá Dámi, baálé mi, á ké pé ta ló pa iná.

Ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Tákíè ni mo ti lọ béèrè. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò ju ọmọ tí mo lè bí lọ, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Mọ̀mí, èyí tó ṣeé rẹ̀ sílẹ̀ ò jẹ́ ẹyọ kan o. Ẹlẹ́ẹ̀mẹ́ta wà, onírìmóòtù wà, ti dímà náà wà. Èwo lẹ fẹ́ níbẹ̀?”

“Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, ọkọ mi.”

Ó ṣàlàyé. Ẹlẹ́ẹ̀mẹ́ta ni èyí tó jẹ́ pé súwíìṣì tó wà lára ògiri tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń lò. Tẹ́ ẹ bá tàn án, á tàn dáadáa. Tẹ́ ẹ bá pa á tẹ́ ẹ sì tún tàn án kíá, á bọ́ sí ìdajì. Tẹ́ ẹ bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, á ku díẹ̀ bí iná òru. Kò sí wáyà tuntun, kò sí owó oníṣẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì wà ní yàrá àwọn ọmọ dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó ronú kan gílóòbù yìí ò ronú nípa iná tiwa. Bí iná bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan péré, tó lọ tó sì padà, gílóòbù náà á rò pé èèyàn ló tẹ súwíìṣì, á sì bọ́ sí ipò tó kàn. Àwọn ọmọ wà lórí iṣẹ́ àṣetiléwá, iná ṣẹ́jú, ó di ìdajì. Ó tún ṣẹ́jú, ó ku bíńtín. Lọ́jọ́ tí òjò àti ìjì bá ń bọ̀, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń ṣàkóso yàrá náà láàárín ẹ̀yin àti wáyà ojú pópó.

Ti onírìmóòtù àti ti orí fóònù, mi ò ní pẹ́ lórí wọn. Rìmóòtù á sọnù sábẹ́ àga. Ọ̀pọ̀ nínú ti orí fóònù gba Wi-Fi, Wi-Fi gba dátà, àwọn méjèèjì sì gba iná. Àwọn gílóòbù wọ̀nyẹn tún máa ń jẹ iná díẹ̀ nígbà tó bá dà bíi pé wọ́n ti kú, nítorí etí wọn gbọ́dọ̀ là sílẹ̀ de àṣẹ. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, bí iná bá lọ tó sì dé, ńṣe ni wọ́n ń tàn padà pẹ̀lú gbogbo agbára. Iná á dé ní aago méjì òru, gbogbo ilé á sì jí. Àwọn kan wà tí wọ́n ti ṣe é tó fi jẹ́ pé ẹ lè yí ìwà yẹn padà lórí fóònù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bi wọ́n nípa ìyẹn ṣáájú àwọ̀ mèremère tí wọ́n á máa fi hàn yín.

Ó wá ku ti dímà, ìyẹn súwíìṣì tí wọ́n ń yí lára ògiri. Òun ló jọ irin róbótó àtùpà àtijọ́ jù, òun náà ló sì gba ìmọ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti ń wá. Iná tó ń bọ̀ láti òpó kì í dúró lójú kan. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Dímà ń já díẹ̀ kúrò nínú lílọ àti bíbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ ẹ bá ṣe yí i tó ló ṣe ń já a tó. Gílóòbù oníwáyà ò bìkítà. Wáyà rẹ̀ á kàn tutù díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì relẹ̀. LED yàtọ̀. Pátákó kékeré kan wà nínú ìdí rẹ̀ tó ń yí iná òpó padà sí irú èyí tí ẹyọ ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ lè jẹ. Bí wọn ò bá ṣe pátákó yẹn kó lè yé e pé ńṣe ni èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ já iná náà, á máa fi gbogbo agbára jà kí ìmọ́lẹ̀ má baà yẹ̀. Á máa ṣẹ́jú, á máa kùn, kò sì ní pẹ́ kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ “dimmable” sára páálí. Bí ẹ ò bá rí ọ̀rọ̀ yẹn lára páálí, tàbí tẹ́ ẹ bá rí “non-dimmable”, ẹ má fi í sábẹ́ dímà, ohun yòówù kí òǹtajà sọ.

Dímà fúnra rẹ̀ náà tún wà. Àwọn tó ti pẹ́ lọ́jà, gílóòbù oníwáyà ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè ṣiṣẹ́ dáadáa bí ẹrù tó wà lórí wọn bá kéré jù. LED oníwáàtì 9 kan ṣoṣo kéré púpọ̀ lójú dímà tí wọ́n ṣe fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún wáàtì. Iná náà á máa gbọ̀n, pàápàá tẹ́ ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ gan-an. Dímà tí wọ́n kọ LED sí lára lẹ máa wá. Ó wọ́n ju èkejì lọ.

Oníná tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ní ọgbọ́n tiẹ̀.

“Mọ̀mí, ẹ má wulẹ̀ náwó sí dímà. Régúlétọ̀ fáànù ni màá bá yín fi síbẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni.”

“Iṣẹ́ kan náà kọ́ o. Fi régúlétọ̀ sílẹ̀ fún fáànù.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti ṣe é nílé alága kan rí. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Régúlétọ̀ tí wọ́n ṣe fún mọ́tò fáànù ò mọ ohun tí LED ń jẹ, ti ayé àtijọ́ inú wọn sì máa ń gbóná gan-an lára ògiri. Ẹ má gbà fún wọn. Ínfátà náà tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Dímà àti ínfátà olówó pọ́ọ́kú kì í bára wọn gbé, nítorí ọ̀nà tí ínfátà bẹ́ẹ̀ ń gbà tú iná jáde rí gbágungbàgun. Á máa kùn ṣáá, ó sì lè ba gílóòbù àti dímà jẹ́ pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní pure sine wave kì í fún un ní ìyọnu. Ẹ bi ẹni tó bá yín gbé ínfátà síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ ra dímà.

Àwọ̀ iná tún ni ohun tó wù mí láti sọ̀rọ̀ lé jù. Lọ́jà wa, iná funfun ló gbòde. Bẹ́ ẹ bá béèrè oníyẹ́lò, òǹtajà á wò yín bíi pé ẹ fẹ́ padà sí ayé àtijọ́. Ìtàn wà nídìí ẹ̀. LED pupa ti wà láti ọdún 1962, ti aláwọ̀ ewé náà tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n búlúù ni wọn ò rí ṣe dáadáa. Ìgbà tí àwọn ará Japan mẹ́ta, Akasaki, Amano àti Nakamura, ṣe búlúù tó mọ́lẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni LED tó di iná ilé, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lé e lórí lọ́dún 2014. Ọ̀pọ̀ LED funfun tó wà nílé wa, búlúù ni nísàlẹ̀. Àtíkè yẹ́lò kan ni wọ́n fi bò ó tó fi di funfun. Bí àtíkè náà bá ṣe pọ̀ tó ni iná náà ṣe ń yẹ́lò tó. Nọ́ńbà tó wà lára páálí lẹ fi máa mọ̀ ọ́n: 6500K ni funfun tó ń bu búlúù, 4000K wà láàárín, 2700K tàbí 3000K ló jọ ti gílóòbù àtijọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ máa rẹ iná sílẹ̀, 2700K tàbí 3000K ni kó rà. Gílóòbù oníwáyà máa ń pọ́n sí i bó ṣe ń relẹ̀, àtùpà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ojú wa ti mọ ọ́n mọ́ láti kékeré pé iná tó kéré gbọ́dọ̀ pọ́n. Àwa kan tilẹ̀ rántí ìgbà tí iná òpó ò bá lágbára, tí gílóòbù á kàn máa pọ́n rúsúrúsú lójú àjà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí nǹkan kan. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n ń bá wa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. LED lásán ò ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ tó ní nígbà tó ń tàn gbòò náà ló máa ní tó bá kéré. 6500K tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀ á sọ ojú gbogbo wa di eérú, ọbẹ̀ ata tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ á sì máa wò yín bíi pé ó ti sùn. Ẹ tún wo nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní CRI. Ó ń sọ bí iná náà ṣe ń fi àwọ̀ nǹkan hàn sí, 100 sì ni ìpẹ̀kun rẹ̀. Èyí tó bá ti kọjá 80 dára. Ti ilé ìdáná, bẹ́ ẹ bá rí 90, ẹ rà á. Ẹran tó ti ń yí padà ò ní rí ibi sá sí.

Ìyá mi ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi kọjá ọ̀rọ̀ bátìrì. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi ni, Bíbélì rẹ̀ kì í sì kúrò lórí itan rẹ̀ lálẹ́. Lábẹ́ iná funfun tó wà ní pálọ̀ tẹ́lẹ̀, ohun méjì tó ta kora ló máa ń sọ: ó ní òun ò ríran, ó sì tún ní iná náà ń gún òun lójú. Bàbá Dámi rò pé àgbàlagbà ń ṣe ti àgbàlagbà. Òótọ́ sì ni ohun méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé inú ẹyinjú ẹni ọgọ́ta ọdún lè máà ju ìdá mẹ́ta èyí tó ń dé inú ti ọmọ ogún ọdún lọ, nítorí ẹyinjú ti ń ṣókùnkùn díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ó nílò iná púpọ̀ láti kàwé. Ṣùgbọ́n ẹyinjú tí ara funfun ti ń bò kan náà yẹn ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, iná tó bá kọjú sí i gbọnrangandan á wá dí i lójú. Ohun tó fẹ́ ni iná tó lágbára lórí ìwé, èyí tó rọlẹ̀ lójú. A gbé fìtílà tábìlì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, tó kọjú sí ojú ìwé, a sì rẹ ti àjà sílẹ̀. Bó bá ka Sáàmù rẹ̀ tán, òun fúnra rẹ̀ ló ń yí dímà náà. Ó ti dá a mọ̀ lọ́gán. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe àtùpà Aládìn nìyẹn.

Dámi ló wà lódìkejì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ò fẹ́ sùn, iná funfun tó ń tàn gbòò lójú rẹ̀ títí di aago mẹ́wàá sì ń bá a ṣe é. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, ọpọlọ máa ń tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń sọ fún ara pé oorun ti tó. Iná tó mọ́lẹ̀ gan-an, pàápàá èyí tí búlúù pọ̀ nínú rẹ̀, ń dá èròjà yẹn dúró. Mi ò lè sọ pé dímà ló jẹ́ kí ọmọ mi máa tètè sùn, nítorí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tí iná ti ń relẹ̀ láti aago mẹ́sàn-án ti ń sọ nǹkan kan fún gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ láìlo ohùn. Láyé àtùpà, bí wọ́n bá ti rẹ iná sílẹ̀, ọmọdé ti mọ̀ pé àlọ́ ti parí.

Lórí ayédèrú, díẹ̀ ni màá sọ. Gílóòbù tí wọ́n kọ wáàtì 15 sí lára tó sì fúyẹ́ lọ́wọ́, ó lè jẹ́ irọ́ ni wọ́n kọ. Lumen ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe wáàtì. Ẹ ní kí wọ́n tàn án níwájú yín, kẹ́ ẹ ṣí kámẹ́rà fóònù yín, kẹ́ ẹ kọjú ẹ̀ sí iná náà: bẹ́ ẹ bá rí ilà dúdú tó ń sáré kọjá lójú fóònù, iná náà ń ṣẹ́jú láìjẹ́ pé ojú lásán rí i, orí sì lè máa fọ́ ẹni tó bá ń kàwé lábẹ́ ẹ̀. Ọmọ inú ṣọ́ọ̀bù yẹn yà mí lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló yọ fóònù jáde kí n tó sọ ọ́. Ooru náà ń pa LED. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ kú, pátákó ìdí rẹ̀ ni, nítorí náà ẹ má tì í mọ́ inú ìgò ìbòrí iná tí kò ní ihò atẹ́gùn. Èyí tí wọ́n bá ń rẹ̀ sílẹ̀ kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ jù. Àwọn onígíláàsì lílọ́ tí a ń pè ní enẹ́jì-sévà láyé ọjọ́un, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ. Mẹ́kúrì díẹ̀ wà nínú wọn, bó bá fọ́ nílé, ẹ ṣí fèrèsé, kí àwọn ọmọ jáde, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ ṣeé rẹ̀ sílẹ̀.

Bí owó ò bá tó ti dímà, ọ̀nà kan wà tí kò wọ́n. Ẹ fi gílóòbù méjì sí pálọ̀ dípò ẹyọ kan, súwíìṣì tirẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan wáàtì 9, èkejì wáàtì 3. Ẹ tan méjèèjì bí àlejò bá dé, ẹ tan ńlá bẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ tan kékeré bẹ́ ẹ bá ń sinmi. Kò ní kùn, kò ní gbọ̀n, ínfátà yòówù sì lè gbé e. Ohun tí mo ṣe sí yàrá ìyá mi nìyẹn, nítorí ó máa ń dìde lóru, mi ò sì fẹ́ kó máa wá ibi tí dímà wà nínú òkùnkùn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ olùkọ́ ní Ìkòyí-Ilé ṣe irú rẹ̀ sí gbogbo ilé rẹ̀, ó sì ń fi tèmi ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo ná owó mi sórí ohun tí mò ń fọwọ́ yí.

Ó ku iná ìta. Aládùúgbò wa gbé iná ńlá funfun kan sórí géètì, ó ń tàn wọ yàrá wa, ẹnikẹ́ni ò sì lè sọ fún un pé kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ olè ni. Oníyẹ́lò wáàtì 5 ni mo fi sí bárándà tiwa. Kòkòrò fẹ́ràn iná tí búlúù pọ̀ nínú rẹ̀ ju oníyẹ́lò lọ, nítorí náà a lè jókòó síta lálẹ́ láìgbé wọn mì. Dámi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò fara mọ́ ọn rárá. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, wọ́n wá bá mi nílé ìdáná.

“Mọ̀mí, iná yẹ́lò yìí ò lè pe èsúnsún. Ọ̀dọ̀ àwọn ará ìwájú ni gbogbo wọn ń lọ.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Gílóòbù 6500K tí a yọ kúrò ní pálọ̀ ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀. A yọ ọ́ jáde, a fi sí bárándà, a sì gbé abọ́ omi sábẹ́ ẹ̀. Kò pẹ́ tí abọ́ fi kún. Bàbá Dámi, ẹni tó ti ń bèèrè látàárọ̀ pé ta ló tún ń tan iná ńlá síta, ló kọ́kọ́ béèrè iyọ̀.